Ìrìn Àjò Láti Ìlá Lọ Mú Àbúrò Mi Gúnlẹ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ìyá wa, tí ara rẹ̀ kò le mọ́, ló rán mi. Ó fẹ́ kí Délé, àbúrò mi tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, wá bá òun gbé ilé títí òun yóò fi fi ayé sílẹ̀. Mo sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé n ó mú un bọ̀ pátápátá.

A gba Òtan, a kọjá láàrin àwọn òkè Ìgbájọ, a gba Iléṣà àti Oǹdó dé Òkìtìpupa. Títì náà bàjẹ́ kọjá sísọ. Ọjọ́ ti rọ̀ kí a tó wọ Ìgbókòdá, níbi tí títì parí sí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kadà ṣe ń tò ní ọjà tiwa ni ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ń tò níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ju èyí tí mo san láti Ìlá dé Iléṣà lọ. Bí a ti gbéra, awakọ̀ wo ọwọ́ mi tí mo fi di etí ọkọ̀ mú pinpin, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Baba, ẹ rọra fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, a ò ní gbà á lọ́wọ́ yín!"

Orí òpó igi lókè omi ni ilé Délé wà. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbé púpurú àti ẹja tútù síwájú mi. Ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n fi èéfín gbẹ ni púpurú. Ó jọ láfún wa. Nígbà tí mo jẹun tán, mo jíṣẹ́ Ìyá.

Délé ní, "Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Màá bá yín lọ 'ashore' lọ́la."

Ohun tí mo kà nínú ìwé ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò ju 'sórí ilẹ̀' lọ. Mo ní, "Ṣé ilé bàbá rẹ lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹni tó ti ojú omi wá nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlá, kò sẹ́ni tó máa ní ẹ wà 'ashore'. Ilé lẹ wà. Bí ọ̀gá wa bá ní ká lọ 'ashore', kálukú á ra ẹ̀bùn, á lọ kí èèyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń dúró dè wá."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ abọ́, dá ọwọ́ dúró.

"O kò ní dúró ti Ìyá nìyẹn?" ni mo bi í.

"Ibí nilé mi, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè parọ́ fún Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin náà ẹ má bá mi parọ́ fún un."

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Délé jọ forí lé Ìlá. Mo rí i pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo fi ṣèlérí fún obìnrin arúgbó.

Orí ẹní ni a bá Ìyá nígbà tí a délé.

"Délé, o dé?"

"Mo dé, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni."

N kò lè gbójú sókè. Ìyá sún sí apá kan, ó fọwọ́ pa ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jókòó síbí. Ọjọ́ díẹ̀ náà ti ń lọ."