Bọ́ọ̀sì Tí Múfú Fi Kó Wa Lọ Dìbò

Ọdún tí Sìfáwù, ìyàwó ọmọ mi, kú ni ìdìbò tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ mi yìí bọ́ sí. Abà là ń gbé, níbi tí a ti ń dáko, ṣùgbọ́n agboolé wa ní Bẹ̀yẹrúnkà ni gbogbo wa ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ta ni ọmọ Ìbàdàn tí yóò gbà pé abà ni ilé òun? Àṣìṣe wa nìyẹn. Lójú ìjọba, abà wa ò léèyàn: kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí omi, afárá tó já, pákó la tẹ́ lé e.

Múfú, ọmọ àbúrò ọkọ mi, tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, ni káńsílọ̀. Ìlérí afárá ló fi wọlé. Nígbà tí Sìfáwù ń rọbí, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, mo pè é lórí fóònù pé kó fi ọkọ̀ ránṣẹ́. Ó ní afárá yẹn ò lè gba ọkọ̀, kí a ní sùúrù. A gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà. Èjìká mi ló kú sí, tòun tọmọ inú rẹ̀.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ ìdìbò kò. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, bọ́ọ̀sì méjì tí Múfú rán gba orí afárá yẹn wọlé wá kó wa. Àwọn obìnrin ní kí a lé wọn padà. Mo ní rárá, kí a wọkọ̀. Ẹni tó jókòó sílé ò gbẹ̀san.

Nígbà tí a dé Bẹ̀yẹrúnkà, Múfú dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó pín búrẹ́dì. A gbà á. Gbogbo wa sì tẹ̀ka fún ẹni tó ń bá a du ipò. Múfú fìdí rẹmi.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi.

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣe mí báyìí?”

“Èmi ni. Bọ́ọ̀sì rẹ dára, a dúpẹ́.”

“Ẹ ò tiẹ̀ ro ti mọ̀lẹ́bí?”

“Mo rò ó. Mọ̀lẹ́bí ni Sìfáwù náà. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bà jẹ́ ṣì wà nínú àpótí mi. Ṣé kí n gbé e wá?”

Ó dìde, ó lọ.

Kí la jèrè? Ẹni tí a dìbò fún náà ní kí a ní sùúrù. Mo ní kó lọ bi Múfú ibi tí sùúrù wa máa ń parí sí. A ti gbé orúkọ wa kúrò nígboro lọ sí abà. Ibẹ̀ la ti ń dìbò báyìí, nọ́ọ̀sì kan sì ń wá lọ́jọ́ ọjà. Obìnrin kì í dúró de ọjọ́ ọjà kó tó rọbí. Gbèsè ṣì kù.

Wọ́n ní kí n dárí ji Múfú. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdọọdún ló ń gbé ẹran Iléyá wá fún mi. Mo máa ń kí i pé ó ṣeun, mo sì máa ń dá ẹran náà padà ní tútù.