Ọ̀já Ìyá Mi

Tí ìyàwó mi bá fẹ́ pọn ọmọ, ó máa ń kọ́kọ́ gbọn ọ̀já rẹ̀, á dún pà. Ìró yẹn ló máa ń gbé mi padà sí etí omi ní Bàrígà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èéfín ẹja gba gbogbo àdúgbò.

Wọ́n ní àwọn ọmọ ìta jà ní àdúgbò Pedro nítòsí wa, làwọn ọlọ́pàá bá ń kó ẹni tí wọ́n bá rí. Wọ́n dojú àbúrò ìyá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n tí wọ́n ń hun. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ò sí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá náà. Ọ̀kan tẹ orúnkún mọ́ ọ̀rẹ́ náà lẹ́yìn, ó fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n so ọwọ́ rẹ̀. Ó fà á, ó tún fà á títí okùn fi wọ ẹran ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ké.

Bó ṣe kan àbúrò ìyá mi, ìyá mi tú ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí dè é."

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ṣé kí n wá pọ̀n ọ́n ni?" Ṣùgbọ́n ó gbà á.

Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ. Nígbà tí ìyá mi gbé ẹ̀bà wá lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ bá wọn dè é." Ìyá mi ń wá nǹkan tí yóò fi pọn ọmọ.

Àwọn méjèèjì padà wálé, ṣùgbọ́n àbúrò ìyá mi nìkan ló tún lè hun àwọ̀n.