Fóòmù Dúdú tí Jàmíátù Sọ Nù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Ràzáàkì lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un: "ọ̀la." Bí ebi bá ń pa á, "ọ̀la" ni. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n pa fèrèsé dé, "ọ̀la" náà ni. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kàndínlógún bá àwọn oníṣòwò kọ ìwé ẹrù ní bodè Sèmè-Kpodji, tó lè fi Faransé, Gùn àti Nàgó jiyàn láìmí, ló di ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń wí.

Jàmíátù ni ìyàwó náà. Akọ̀wé ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Cadjèhoun, kò jìnnà sí ilé wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ṣàrífátù, wà nílé ọkọ ní Parakou. Àwọn méjì péré ló kù nínú ilé, àti ẹja mẹ́rìnlá nínú àpótí gíláàsì ńlá kan tí Ràzáàkì fọwọ́ ara rẹ̀ tò kí àìsàn tó dé. Iwájú àpótí yẹn ni Jàmíátù máa ń gbé e jókòó sí láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bó bá dé lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ló máa bá a, tí ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹja lọ, ẹja bọ̀.

Lẹ́yìn àpótí náà ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fa omi, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń dà á padà. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òrùka amọ̀ wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Jàmíátù kò fọwọ́ kàn án rí. Oúnjẹ ló ń fún ẹja, ó sì ń bu omi kún omi. Títí omi fi dàrú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Háàrúnà, ẹ̀gbọ́n Ràzáàkì, ló wá kí wọn láti Pobè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo imú.

"Ìyàwó, kí ló ń rùn báyìí? Ṣé ibi tí aláìsàn ń jókòó sí nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Jàmíátù wọ egungun. Nígbà tó di Sátidé, ó gun zémìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Fidjrossè, sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ohun èlò ẹja. Ìrètí lorúkọ rẹ̀. Ìrètí tẹ́ àwọn ohun inú ẹ̀rọ sórí tábìlì: fóòmù, owú funfun, èédú wẹ́wẹ́, òrùka amọ̀.

"Èwo ló wà nínú tiyín tẹ́lẹ̀, Màmá?"

Ojú ti Jàmíátù láti sọ pé òun kò mọ̀ dáadáa. "Ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀."

Owú ló mú, torí ó funfun, àti èédú, torí ìyá rẹ̀ máa ń fi èédú sẹ́ omi òjò nígbà tó wà ní kékeré.

Nígbà tó ṣí ẹ̀rọ náà nílé, fóòmù inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá.

"Ọ̀la," ni Ràzáàkì wí láti orí àga rẹ̀.

"Rárá, Bàbá Ṣàrífátù, òní ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe fún yín."

Ó fi ọwọ́ òsì tó ṣì ní okun lu apá àga. "Ọ̀la! Ọ̀la!" Òógùn bò ó níwájú orí. Jàmíátù rò pé ebi ni. Ó gbé àkàsà wá, ọkùnrin náà ti abọ́ náà dànù. Ó nu ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ fóòmù náà sínú ìdọ̀tí. Ó fi jáfẹ̀lì, omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun, fọ àwọn òrùka náà. Ó di owú àti èédú tuntun sínú ẹ̀rọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti mọ́ gaara. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Ṣàrífátù.

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo ẹja gòkè sójú omi, wọ́n ń la ẹnu. Ní ọjọ́ kẹrin, mẹ́ta kú. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, mẹ́wàá ti lọ. Jàmíátù ń yọ wọ́n kí ọkọ rẹ̀ tó jí, ṣùgbọ́n ta ló ń tan jẹ? Ràzáàkì mọ iye ẹja rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìdún, kò sì jẹun.

Ọ̀dọ̀ Àyìndé ni Jàmíátù sá lọ, onígbàjámọ̀ àdúgbò tóun náà ń sin ẹja. Àyìndé gbọ́ tán, ó gbé ẹ̀rọ ìfárí sílẹ̀.

"Tàńtí, fóòmù àtijọ́ ńkọ́?"

"Mo sọ ọ́ nù."

"Hẹ̀ẹ̀! Inú ìdọ̀tí yẹn ni iṣẹ́ wà. Àwọn kòkòrò tójú kò lè rí ló ń gbé ibẹ̀, àwọn ló ń jẹ májèlé tí ìgbẹ́ ẹja ń dá sílẹ̀. Ẹ ti fi jáfẹ̀lì pa ìyókù. Ìdajì lèèyàn ń pààrọ̀, á fi ìdajì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Ṣé Bàbá Ṣàrífátù mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ni wọ́n kọ́ mi."

Jàmíátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ọwọ́ tó ń lu àga ló ń gbọ́. Bóyá ọkùnrin náà tiẹ̀ ní in lọ́kàn pé kó fi díẹ̀ di ọ̀la, bóyá ariwo lásán ni. Kò ní mọ̀ láéláé.

Àyìndé gé ìlàjì fóòmù ẹ̀rọ tirẹ̀, ó rì í sínú omi ẹja rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó tẹ̀ lé Jàmíátù wálé. Wọ́n fi fóòmù náà sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi omi tó ti sùn nínú ike pààrọ̀ ìdajì omi àpótí. Ẹja mẹ́rin tó kù kò kú.

Jàmíátù kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́."

Ràzáàkì kò wo ojú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń gba oúnjẹ bí ẹni tó ń gba oògùn. Ní ọjọ́ keje, Jàmíátù gbé fóòmù tuntun tó lọ rà, òrùka amọ̀ àti èédú sórí itan rẹ̀ nínú abọ́ kan. "Ẹ yàn án fúnra yín." Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́. Ó ti èédú ṣubú. Ó fi òrùka náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi àtàǹpàkò yí i.

Èyí ló fún Jàmíátù ní ọgbọ́n. Ó mú páálí láti ilé-ẹ̀kọ́, ó ya àwòrán sí i: abọ́ oúnjẹ, fèrèsé, ẹja, ibùsùn, orí tí ìlà pupa yí ká fún ìrora. Ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́, Bàbá Ṣàrífátù?"

Ìka náà kọjá lórí ẹja, kò dúró. Orí yẹn ló fọwọ́ kàn. Jàmíátù rò pé ó ṣèèṣì ni. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Orí ń fọ́ yín? Láti ìgbà wo?"

Kò sí àwòrán kankan lórí páálí náà tó lè dáhùn ìyẹn. Jàmíátù tẹ ilé-ẹ̀kọ́ láago pé òun kò ní lè wá, ó sì wọ bàtà sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè tètè dé ilé ìwòsàn.