Àwọn Tó Gbé Bàbá Mi Kúrò ní Pápá

Aránbàtà ni bàbá mi. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá kékeré kan tí òórùn gáàmù ti wọ ògiri ẹ̀ lára. Bí oníbàárà bá gbé bàtà dé, bàbá mi kì í tíì wo ojú ẹ̀ tí á ti yí gìgísẹ̀ bàtà náà wò, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ń kánjú ju tòsì lọ." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sì jókòó.

Ohun tó fẹ́ràn jù lẹ́yìn àwa ará ilé ẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Ìyá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé bọ́ọ̀lù ló ṣáájú òun. "Ìyáálé mi ni bọ́ọ̀lù," ló máa ń sọ fáwọn ènìyàn. "Òun ni mo bá nílé ọkọ, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un."

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn ará òdìkejì odò ló wá bá wa gbá a. Èmi ò sí ní pápá. Ẹnu bàbá mi àti àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Àwa wọ búlúù, àwọn wọ pupa. Wọ́n jókòó lápá kan, àwa lápá kejì, pápá wà láàárín. Ìjókòó iwájú pátápátá ni bàbá mi wà, nídìí wáyà, níbi tó ti lè gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, tiwa gbá a wọlé. Gbogbo ènìyàn fò sókè. Àfi bí rẹfirí ṣe fọn fèrè, tó ní kò wọlé, pé ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Ariwo sọ. Alága ẹgbẹ́ wa já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kéde, ó ní, "Olè! Wọ́n jà wá lólè lójú ara wa! Ṣé ẹ ó kàn jókòó máa wò wọ́n ni?"

Wọn ò jókòó. Òkò bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ìgò tẹ̀ lé e. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ, yà fún mi. Géètì méjì ló wà lápá tiwa, wọ́n sì ti ti ọ̀kan pa nítorí àwọn tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi kọjú sí pápá, ó ń kígbe sáwọn ọmọdé tó rọ̀ mọ́ wáyà pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bà á lórí. Ó ní ṣe ló dà bíi pé ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó ṣubú lulẹ̀, àwọn èèyàn wa sì ń fò ó kọjá.

Ẹni tó dúró ni awakọ̀ tó kó àwọn aláṣọ pupa wá. Ọkùnrin gìrìwò ni, ọrùn ẹ̀ tó itan mi. Ó ti sá gba àárín pápá kọjá láti wá àwọn èrò rẹ̀ tó fọ́n ká, ló bá rí bàbá àgbà kan nínú ẹ̀jẹ̀. Kò bèèrè àwọ̀ aṣọ. Ó pọ̀n ọ́n bí ẹní pọ̀n ọmọ, ó gbé e wọ ọkọ̀. Obìnrin onídìrí kan lára àwọn èrò ọkọ̀ náà gbé orí bàbá mi lé itan, ó tú síkáàfù pupa ọrùn ẹ̀, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà.

Bí wọ́n ṣe yọ sí títì, àwọn ọ̀dọ́ tiwa tún dà sí ọkọ̀ náà, wọ́n ń sọ ọ́ lókò. Wọn ò mọ̀ pé aránbàtà tiwọn ló wà nínú ẹ̀. Gíláàsì fọ́ dà sí wọn lára. Awakọ̀ pariwo, "Ẹ dùbúlẹ̀! Ẹ bo orí bàbá!" Àwọn aláṣọ pupa sì fi ara wọn bo aláṣọ búlúù.

Ọ̀tún ni afárá tó lọ sílé wọn wà. Òsì, láàárín ìlú wa gan-an, ni ilé ìwòsàn wà. Òsì ni awakọ̀ náà yà sí.

Nígbà tí èmi àti ìyá mi sáré débẹ̀, a bá òun àti onídìrí lórí bẹ́ǹṣì, tàwọn ti aṣọ pupa wọn, wọn ò tíì lọ. Ìyá mi kúnlẹ̀. Awakọ̀ náà dìde fìrì. "Ẹ dìde, ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu dókítà."

Tẹnu dókítà dára, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá mi yè. Ojú ẹ̀ nìkan ni kò pé mọ́: ohun tó bá wà lápá òsì ẹ̀, àfi kó yí orí kó tó rí i.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ darí dé ilé ni pálọ̀ wa kún. Alága wá, ó gbé èso wá, àwọn ọ̀dọ́ sì dúró títí dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni alága wí. "Ìdíje tó kàn, ilé wọn la ó lọ. A ó gbẹ̀san yín."

Bàbá mi pè mí. "Ọmọ mi, fi ibi tí ọgbẹ́ yẹn wà hàn wọ́n."

Mo fọwọ́ kan ìpàkọ́ rẹ̀.

"Níbo làwọn ará òdìkejì odò jókòó sí lọ́jọ́ náà?" ló bi wọ́n. "Iwájú mi. Ta ló wà lẹ́yìn mi?"

Ẹnìkan wúkọ́. Alága ní, "Bàbá, rẹfirí ló fa gbogbo ẹ̀."

"Fèrè ni rẹfirí fọn. Fèrè kì í lani lórí."

"Àbí ẹ̀yin fẹ́ sọ pé àwa la jẹ̀bi?"

"Ẹni tó sọ òkò ló ni ẹ̀bi òkò," ni bàbá mi dáhùn. "Kò sẹ́ni tó fi tipátipá gbé e sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n alága, ẹ gba tiyín náà. Ẹni tó ń pariwo olè sétí èrò tí inú ń bí, ó ti bá wọn ṣa òkò. Ẹni tó ti géètì pa, kó gba tiẹ̀. Ẹni tó yin tajútajú sáàárín ọmọdé, kó gba tiẹ̀. Ẹ̀bi náà pọ̀ tó kó kárí wa. Àwọn tó gbé mi nìkan ni kẹ́ ẹ má pín in fún."

Alága dìde, kò tilẹ̀ dágbére. Kò pẹ́ tá a fi ń gbọ́ pé bàbá mi ti di ará òdìkejì odò. Àwọn oníbàárà kan kó bàtà wọn lọ síbòmíràn.

Bíríkìlà àdúgbò wa ló kọ́kọ́ padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọlé. "Bàbá, ẹ̀yìn yín ni mo wà lọ́jọ́ náà. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀."

Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè. "Lọ dárúkọ ẹ̀ fún ọlọ́pàá. Èmi ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bàtà ẹ̀ lè dé bí lọ́la, mi ò fẹ́ fi ìbínú rán an. Ó yá, wọlé. Èwo lo gbé wá?"

Bíríkìlà lọ sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá lóòótọ́. Òun náà ló tún ko àwọn ọ̀dọ́ lójú, ilé dé ilé, tó ń sọ fún wọn pé òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ìpàkọ́ ará ilé ló ń bà.

Nígbà tí ìdíje kejì dé, bàbá mi ní òun ń lọ. Ìyá mi fárígá, ó jà, ó sunkún, ó wá kó sínú ọkọ̀ bá a lọ. Èmi náà lọ. Awakọ̀ yẹn dúró dè wá lẹ́nu géètì wọn. Ó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ sáàárín àwọn aláṣọ pupa, ẹ̀gbẹ́ onídìrí. Bàbá mi jókòó síbẹ̀ tòun ti fìlà búlúù ẹ̀. Mo ń wo àwọn ọ̀dọ́ tiwa lódìkejì. Wọ́n rí i. Àwọn kan ti di nǹkan sápò wá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ òkò síbi tí bàbá aránbàtà jókòó sí?

Wọ́n nà wá, wọ́n nà wá bí aṣọ òfì. Rẹfirí tún já wa kulẹ̀, lójú tèmi o. Bàbá mi bú u títí ohùn ẹ̀ fi há. Onídìrí ń bi í bóyá kí òun bu omi fún un. Bọ́ọ̀lù parí, oníkálukú gba ilé ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó farapa.

Bàbá mi ṣì ń rán bàtà. Òwú kì í tètè wọ ihò abẹ́rẹ́ fún un mọ́, nítorí náà ìyá mi ló ń bá a fi í sínú ẹ̀ lárọ̀ọ̀rọ̀, tá á to àwọn abẹ́rẹ́ náà sápá ọ̀tún, níbi tó ti lè rí wọn. Bàbá mi á ní òwú náà gùn jù. Ìyá mi á ní kó lọ bá ìyáálé òun kó bá a fi í. Láti inú yàrá ni mo ti máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń dúpẹ́ níbi tí mo bá dùbúlẹ̀ sí.