Ojú Ère Nìkan Ni Mo Yà

Àwọn fọ́tò tí mo yà nígbà èwe mi kún àpótí bàtà méjì. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n jókòó bí àgbà tó ń retí oúnjẹ. Ògiri àtijọ́ tó ti wó wà níbẹ̀, ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí koríko ti bò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn á ní mo jayé orí mi. Ṣùgbọ́n mẹ́rin wà nínú wọn tí n kì í fi han ẹnikẹ́ni. Ère Ẹpa kan ṣoṣo ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Wọ́n dára débi pé inú ń bí mi sí wọn.

Agbẹ́gilére ni bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé wa ní Ìlọfà, kí àwọn méjèèjì tó di ọmọ ìjọ tí wọ́n sì gbájú mọ́ oko iṣu. Ẹni tí kò bá mọ Ẹpa, odidi igi kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Abẹ́ rẹ̀ rí bí ìkòkò, wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ kí ẹni tó ń jó lè ki orí bọ̀ ọ́. Òkè rẹ̀ ni ère fúnra rẹ̀ wà. Ìyá ọlọ́mọ ni tiwa. Nígbà tí a kò gbé e jó mọ́, olórí ilé ìgbà náà gbé e fún àwọn tó ń ṣa ohun àtijọ́ jọ, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ọmọ ilé wa kan ti ìrìn àjò dé, ó ní òun rí ère wa nínú mùsíọ̀mù ní ìlú ńlá kan. Wọ́n fi káàdì síwájú rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sí i pé òun ló gbẹ́ ẹ. Bàbá mi ní irọ́ ni, òun ni òun gbẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ti di òótọ́. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ìyá méjì, ilé kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọ̀kan ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì lọ́wọ́ òsì, bí àlùfáà bá sì ní ká bọ ara wa lọ́wọ́, olúkúlùkù á wá ọwọ́ ẹlòmíràn lọ.

Lójú tèmi, ìjà nítorí igi lásán ni. N kò mọ̀ pé bàbá mi kò ní nǹkan mìíràn láyé yìí. Oko rẹ̀ kò tóbi, ojú rẹ̀ ti ń fọ́, gbogbo ohun tó gbẹ́ ni ikán ti jẹ tán àfi ọ̀kan yìí. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun wí i lójú òun kí òun tó kú pé, "Uṣẹ́ rẹ ni." Kò fẹ́ ju ìyẹn lọ.

Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà, mo sì ti yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Bàbá pè mí.

"Ùwọ ọmọ mi, bá mi lọ ya ère ọ̀hún wá. Gbogbo ara rẹ̀ ni kó o yà."

Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Òmù-Àrán, mo wọ òmíràn dé Ìlọrin, mo sun ibẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó dé ìlú náà, eruku ti sọ irun mi di funfun. Ère wa wà nínú dígí. Ó kéré ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá lọ kí ìyá àgbà rẹ̀ ní ọsibítù. Mo bú sẹ́kún.

Bàbá kan tó ń nu eruku níbẹ̀ bi mí léèrè ohun tó dé. Nígbà tí mo sọ fún un pé nílé wa ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, inú rẹ̀ dùn, ó ṣí dígí, ó gbé e sórí tábìlì kí n lè yà á dáadáa. Mo ya ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wá dì í mú nídìí.

"Ọmọ mi, ṣé kí n dojú rẹ̀ délẹ̀ kó o rí inú rẹ̀?"

Mo yára yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Rárá, Bàbá, ẹ ṣeun."

Nílé wa, àwa obìnrin kì í wo inú ère Ẹpa. À ń kọrin tẹ̀lé e, à ń jó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí, a ó kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ti ṣe ìrìbọmi, mo kàwé, mo máa ń fi àwọn tó ń bẹ̀rù òòṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ ọrùn mi yí fúnra rẹ̀. Fíìmù ṣì kù nínú kámẹ́rà. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì ní àwọn ọdún 1980 kí n lè wo inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá tó ń nu eruku ti fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó gbà láti ṣí dígí fún mi.

Ní ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí mo kó fọ́tò délé, Bàbá gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ojú lẹ́bàá fèrèsé.

"Ó dáa. Ùnú rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní n kò ya inú rẹ̀. Ó ní ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, kò sí ẹni tó lè fi ìta mọ iṣẹ́ wọn yàtọ̀, nítorí wọ́n ti dán an, wọ́n ti kùn ún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dán inú. Bí àáké bá ṣe gé e ló máa wà. Ọlọ́wọ́ òsì ni òun, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ẹ̀gbọ́n òun.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni èmi wà."

Kí n sọ òótọ́ ni ì bá dára. Ojú rẹ̀ tó ń wá mi kiri nínú òkùnkùn rẹ̀ ni n kò lè wò. Mo ní fíìmù ló tán, ṣùgbọ́n mo fi ojú ara mi rí inú rẹ̀, ojú àáké dagun sí ọ̀nà ọlọ́wọ́ òsì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ gba irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀?

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lo ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá pe àwọn àgbà ilé jọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó ní kí n wá wí ohun tí mo rí. Mo kúnlẹ̀, mo wí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bi mí léèrè.

"Ọmọ, ugi yẹn là lọ́jọ́ tí a gbẹ́ ẹ. Kí lo rí níbi tó ti là ní ùnú?"

Mo ní, "Ó là díẹ̀, Bàbá. Kò fẹ̀."

"Páànù agolo karosíìnì la kàn mọ́ ọn, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹni tó bá wo ùnú rẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ rí." Ó kọjú sí bàbá mi. "Èmi dì í mú, ùwọ lo kàn án. Àbí irọ́ ni?"

Bàbá mi ní, "Òótọ́ ni."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ nírọ́ ti jẹ̀bi. Mo ké pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi, èmi nìkan ni mo pa á. Wọ́n ti ń dìde.

A délé, Bàbá bi mí ìdí tí n kò fi wò ó. Mo ní òun ló kọ́ wa pé obìnrin kì í wò ó. Ó ní, "A kọ́ yín bẹ́ẹ̀ lóòótọ́." Kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ara ì bá tù mí.

Ó kú kí iṣu tuntun tó jáde. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní kí olórí ilé sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti di olórí ilé, dìde, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Ó ní ẹni pẹ̀lẹ́ ni àbúrò òun, kò bá ẹnikẹ́ni jà, àgbẹ̀ rere ni láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó jókòó láì dárúkọ ère kankan. Ìjọ ṣe àmín, èmi náà ṣe é.