Wáyà Tí Ìyá Onífáànù Fi Ọwọ́ Wé

Fáànù tí wáyà inú rẹ̀ bá ti jó ni ìyá yìí ń tún wé, ìdí nìyí tí àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Onífáànù. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ti fi gìtá oníná jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì fún ogún ọdún kó tó fẹ̀yìn tì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gìtá náà yadi mọ́ bàbá lọ́wọ́. Ìyá tú píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn nǹkan kékeré abẹ́ okùn tó ń gba ohùn wọn sínú wáyà. Òòfà inú rẹ̀ ò bàjẹ́, ṣùgbọ́n wáyà tó wé mọ́ ọn, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ti já. Ìyá gbé e sórí ẹ̀rọ tó fi ń wé wáyà, ó wé òmíràn mọ́ ọn pinpin títí kò fi sí àyè mọ́. Ó rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dáa tó.

Nígbà tí bàbá ta á, ohùn náà ki, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní ó dáa, ó kí i kú iṣẹ́, àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọbìnrin wọn ló wá sọ fún ìyá pé bàbá máa ń bi òun bóyá okùn tó tín-ín-rín jù ń dún. Àṣé etí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn òkè mọ́.

Ìyá ronú pé wáyà tó pọ̀ jù ló gbé ohùn òkè mì. Ó tú gbogbo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ló fi wé e, wọ́ọ́rọ́wọ́, wáyà ń gba orí ara wọn kọjá, afẹ́fẹ́ sì ráyè láàárín wọn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ sọ wáyà di àwọ̀ oyin. Ọkàn rẹ̀ ṣí lọ sígbà ọmọge, nígbà tó máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì, tí yóò máa gbọ́ gìtá ọkùnrin kan tí kò tíì rí ojú rẹ̀. Kó tó ta jí, iye tó ti wé ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé kò tó ti àkọ́kọ́.

Bàbá ta okùn tó tín-ín-rín jù. Ohùn náà mọ́ gaara. Ọmọbìnrin wọn ní ó ti mú jù, pé ó ń gún òun létí. Bàbá tún un ta, ó dijú.

"Mo gbọ́ ọ," ló sọ. "Ìgbà mélòó lo wé e?"

"Ẹ má bi mí. Ẹ̀yin náà lẹ ò jẹ́ kí n lè kà á."

Àwọn onígìtá mìíràn gbé tiwọn wá. Ìyá wé mẹ́ta, ìkankan ò dún bí ti bàbá. Nírọ̀lẹ́, bàbá á jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá, á máa ta gìtá jẹ́jẹ́, oníbàárà tó bá wọlé á sì dúró títí, á gbàgbé ohun tó bá wá.