Imọ̀-Ọ̀pẹ Lẹ́nu Ọkọ̀ Jẹ́ẹ̀tì

Àpótí mẹ́ta ni ó gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré náà dé Òkìtìpupa, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ nílùú òyìnbó nígbà èwe ni ó fi í ránṣẹ́ sí mi, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò sì lè tò ó mọ́. Èmi ni olórí ẹ̀ka iṣẹ́-irin ní ilé-ìwé ìmọ̀ iṣẹ́-ọwọ́ kan nínú ìlú náà nígbà yẹn, ó sì ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì. Apá méjì, ìrù, àti ara gbọọrọ kan tí ó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó wà nínú àpótí méjì àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀kẹta, tí a fi òwú dì bí ẹni di ẹyin, ni ẹ́ńjìnnì wà: tọ́báìnì tòótọ́, tí kò tóbi ju agolo mílíìkì ńlá lọ, tí ń mu kẹrosíìnì, tí abẹ̀bẹ̀ irin inú rẹ̀ sì ń yí débi pé ojú kò ní í rí i mọ́.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Lóòótọ́, rédíò tí ènìyàn gbé lọ́wọ́ ni a fi ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n eré tí ó ń sá lè gé ènìyàn lórí. Iná ìdí rẹ̀ ń jó koríko. Bí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ bá sì ṣẹ́, yóò fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọta ìbọn. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sára pátákó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan síkúrù kan, mo sì pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ pa á rẹ́.

Ẹni tí mo yàn láti bá mi tò ó ni atẹ́ńdáǹtì gbọ̀ngàn iṣẹ́ wa. Ọmọ Igbódìgò ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, bàbá ọmọ mẹ́fà. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, òun ni ó ń gbálẹ̀, tí ó ń pọ́n irinṣẹ́, tí ó sì ń tò wọ́n sípò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wòlíì ni nínú ìjọ Aládùúrà kan. Gbogbo ilé-ìwé ni ó ń pè é ní Wòlíì, wọn kì í sì í pè é bẹ́ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó ń wá kò ju ọ̀kan lọ: ó fẹ́ di olùkọ́ iṣẹ́-irin. Ó ti yege nínú ìdánwò tí ó yẹ. Ìwé ìfọwọ́sí láti ọwọ́ olórí ẹ̀ka rẹ̀ ni ó kù, mo sì ti kọ̀ láti kọ ọ́ fún un nígbà méjì. Bí ó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta, òfin kò ní í gbà á mọ́. Oṣù mẹ́rin ni ó kù fún un.

Mo pè é wá síwájú àpótí náà. "Wòlíì, ṣé o ṣì ń wá ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bá mi to ọkọ̀ yìí. Bí a bá tò ó tán tí a kò rí àṣìṣe kan tí ó lè pa ènìyàn, n ó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí a bá rí ẹyọ kan ṣoṣo, má ṣe bi mí léèrè mọ́ láyé."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ óò pẹ́ fún wa, sà."

"Dìde. Girísì wà níbi tí o dọ̀bálẹ̀ sí yẹn. O kò gbá a dáadáa."

A pín iṣẹ́ náà. Tirẹ̀ ni apá, táǹkì àti gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Tèmi ni ìrù, rédíò àti ẹ́ńjìnnì. Ìwé kékeré kan wà tí a ń fọwọ́ sí bí a bá ti parí ẹ̀yà kan, kí a lè mọ ẹni tí a óò mú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni a fi ṣe é. Ohunkóhun tí ó bá fi ọwọ́ rẹ̀ so, èmi a fi ọwọ́ mi fà á níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó lẹ àwọn ìdè kéékèèké tí ó jẹ́ kí ẹ̀yìn apá lè máa lọ sókè sódò, mo fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí ọrùn mi fi le. Kò sí èyí tí ó yẹ̀.

"Ó dúró," mo wí. "Èèṣì ni."

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ké láti ẹ̀yìn pé, "Wòlíì, ṣé áńgẹ́lì ni ó bá yín lẹ̀ ẹ́ ni?" Òun náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn. A rẹ́rìn-ín, a sì tún tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ tí ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ di gbogbo ẹnu rọ́bà epo, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì bí mo ti pa á láṣẹ, mo mú ẹ̀mú, mo gé gbogbo rẹ̀ kúrò, mo ní kí ó tún un ṣe. Kò sí ohun tí ó ṣe wáyà náà. Ó ti parí kí n tó mu tíì mi tán ni.

Kẹrosíìnì burú púpọ̀ láyé ìgbà náà, àwọn kan ń da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ ọn, ilé sì ń jó. N kò kọ́ ọ ní ohun tí a óò ṣe sí i, òun ni ó mọ̀ ọ́n. A da díẹ̀ sínú ìdérí agolo ní gbangba ìta, a sọ ìṣáná tí ń jó sí i, a sì dúró lókèèrè. Bí iná bá gbà á lójú ẹsẹ̀, a da gbogbo gálọ́ọ̀nù náà nù. Èyí tí ó bá yege, aṣọ funfun tí a ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹrin ni ó fi ń sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni yóò wọn òróró ẹ́ńjìnnì sí i, ìwọ̀n tí ìwé wí, láìlé, láìdín. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ tí ó dé. Bí ó bá di olùkọ́, ọdún kan kò ní í pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Kí a tó gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀, a dè é mọ́ tábìlì irin lẹ́yìn gbọ̀ngàn láti dán an wò. A fi ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu, abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo ṣí gáàsì, iná mú, lẹ́yìn náà ni mo tú kẹrosíìnì sí i díẹ̀díẹ̀. Igbe rẹ̀ gòkè títí àwọn ewúrẹ́ fi já wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Olùkọ́ ìṣirò kan, ará Èkìtì, sá jáde pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, ó ń bèèrè pé ta ni a ń pa. Gbogbo ìgbà yẹn, Wòlíì dúró sẹ́yìn díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí abẹ̀bẹ̀ kò lè fò dé, agolo apaná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Kò wo òkè, kò wo ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń wò.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni a dá fún fífò rẹ̀. Pírínsípà ti pe àlejò láti Àkúrẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ yí tábìlì ká fún àyẹ̀wò ìkẹyìn, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọkọ̀ náà, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ bá tọ́báìnì.

Nǹkan kan wà níbẹ̀. Imọ̀-ọ̀pẹ ni, tí a hun ní àgbélébùú tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, irú èyí tí àwọn Aládùúrà ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tí wọ́n sì ń fi há ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Wòlíì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ihò náà nínú lọ́hùn-ún. Ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa, bí ó ti ń lẹ ohun gbogbo.

"Wòlíì, wá wo nǹkan."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì ṣú.

"Kí ni èyí?"

"Ẹ má bínú, sà. Ààbò ni."

"Ààbò fún ta ni?"

"Fún yín, sà. Mo ríran nínú àdúrà pé irin kan fò jáde, ó bà yín lójú. Ìyàwó mi ni ó ní kí n má wulẹ̀ sọ fún yín, pé ẹ óò bú mi."

"Ó mọ̀ mí dáadáa," mo wí. Mo yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Sọ fún àwọn ọmọ yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbé imọ̀ yìí mì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Yóò kọlu abẹ̀bẹ̀, sà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Abẹ̀bẹ̀ yóò ṣẹ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Yóò fò jáde, sà."

"Ojú ta ni o rí nínú ìran rẹ?"

"Ojú yín, sà."

"Ẹ gbọ́ o. Wòlíì rí ọ̀ràn ní ọ̀run, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá dá a fúnra rẹ̀."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín gba gbogbo gbọ̀ngàn náà kan. Ẹnìkan ń lu tábìlì, ó ń kígbe pé, "Ìran ṣẹ! Ìran ṣẹ o!" Ní ọjọ́ náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ fa àgbélébùú náà jáde, ó sì fẹ́ fi í sí àpò àyà rẹ̀.

"Jù ú nù," mo wí.

Ó wò mí.

"Sínú garawa ìdọ̀tí yẹn. Níṣojú wọn."

Ó jù ú síbẹ̀.

Títí di òní, mo dúró lórí rẹ̀ pé ohun tí ó ṣe lè pa ènìyàn. Èwo nínú ohun tí mo ṣe ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Òfin tí mo gbé kalẹ̀ ni pé bí a bá rí àbùkù kan, a óò yẹ ọkọ̀ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lé àwọn ọmọ jáde, mo rán òun lọ sẹ́ kẹrosíìnì, mo sì ṣí ìdérí kékeré tí ó wà lábẹ́ ìrù, ẹ̀yà tèmi. Apá ike kan wà níbẹ̀ tí ń fa ìrù sókè sódò bí rédíò bá ti pàṣẹ. Síkúrù kan ṣoṣo ni ó dì í mú. Gọ́ọ̀mù pupa, irú èyí tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú, wà lórí rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù búlúù ni èmi ń lò. Pupa wà nínú àwo Wòlíì. Níbi tí mo jókòó sí ni mo ti rántí: lọ́jọ́ tí mo gbé apá ike náà sípò, pírínsípà ránṣẹ́ pè mí sípàdé. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fi síkúrù sílẹ̀ nínú ọpọ́n, mo dìde. Nígbà tí mo padà dé, mo fọwọ́ sí ìwé pé mo ti parí rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá gbéra bẹ́ẹ̀, apá ike náà yóò yọ lójú òfuurufú, ọkọ̀ yóò sì dorí kodò sáàárín àwọn tí ó wá wòran. Ó ti rí i, ó ti dè é, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo pa ìdérí náà dé.

Ọkọ̀ náà fò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lórí pápá ilé-ìwé. A ká èríàlì rédíò kò kí agbára rẹ̀ lè dín kù, mo sì rìn jìnnà láti rí i pé ìrù ṣì ń gbọ́ràn. A dá àwọn ènìyàn dúró sẹ́yìn okùn. Ó sáré lórí ilẹ̀ líle, ó sì gbéra. Àwọn ọlọ́kadà dúró sí ojú títì, wọ́n gbójú sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo mú un yípo, ìrù rẹ̀ sì ń dá mi lóhùn bí mo ti ń fẹ́, lẹ́yìn náà ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí àlejò kan láti Àkúrẹ́ bèèrè ẹni tí ó tò ó, mo ní, "Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni." Wòlíì wà nítòsí pẹ̀lú agolo apaná. Ó gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn lọ tán, ó wá bá mi ní gbọ̀ngàn.

"Ẹ kú oríire, sà."

"O ṣé."

"Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni, sà."

"Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ ní bí a bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo."

"Ṣé a rí i tàbí a kò rí i?"

"A rí i, sà." Ó gbé agolo apaná sílẹ̀. "Àṣìṣe mélòó ni a rí, sà?"

Mo mọ ohun tí ó ń bi mí. Mo ń fi àkísà nu ọwọ́ mi nígbà náà, mo nu ìka kọ̀ọ̀kan kí n tó dáhùn.

"Ọ̀kan."

Ìrù ọkọ̀ náà ni ó ń wò, kò wo ojú mi. "Ọ̀kan náà ni, sà," ni ó wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa kẹrosíìnì tí ó ṣẹ́kù jáde nínú táǹkì, nítorí pé a kì í jẹ́ kí ó sùn mọ́jú nínú rẹ̀.

Ó pé ọdún márùndínláàádọ́ta nínú oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ní sáà tuntun, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ọ̀nà Ìbàdàn láti wá kọ́ni níṣẹ́-irin. Ìwé ni ó ń kà fún àwọn ọmọ. Bí nǹkan bá rú u lójú, yóò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí Wòlíì, "Bàbá, kí ni a ń pe èyí?" Wòlíì a sọ fún un, a sì padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo fẹ́ tún mú ọkọ̀ náà fò, n kò sì rí ẹni tí mo lè fún ní ìrù rẹ̀ láti yẹ̀ wò. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbódìgò. Ó gbé àga fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbé omi wá láìwo ojú mi. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Ṣé ẹ mú ìwé yẹn dání, sà?"

Mo ní ìwé náà kò lè wúlò fún un mọ́, pé ó ti kọjá ọjọ́ orí tí òfin wí.

"Mo mọ̀, sà," ni ó wí. "Mo kàn fẹ́ rí i ni."

Mo mu omi rẹ̀ tán, mo sì ní kí wọ́n bá mi pe ọlọ́kadà. N kò tíì kọ ọ́.